Ẹ Jẹ́ Kí Àwòrò Máa Jẹ́ Àwòrò

   

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ ilé wa, kò sì kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ náà ni àlùfáà. Ẹ wo ìwé ìkésíni sí ọdún òrìṣà láyé ìsinsìnyí, ẹ óò rí “àlùfáà Ọ̀ṣun”, “àlùfáà Ògún”, “àlùfáà Egúngún”, “olórí àlùfáà ìṣẹ̀ṣe”. Ẹ tẹ́tí sí rédíò nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn wa lẹ́nu wò: “àlùfáà ìbílẹ̀” ni olóòtú ń pè wọ́n, àwọn náà a sì dáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá fún mi láti yẹ̀ wò. Ó ti lọ sí ìlú mẹ́ta, ó ti bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìwé náà tán, n kò lè mọ ẹni tó ń pa ẹran, ẹni tó ń gbé eégún, ẹni tí òrìṣà ń gùn, àti ẹni tó ń dá Ifá. Àlùfáà ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Èrò méjì ló ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín wa. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, pé ẹni tó bá fẹ́ràn ìṣẹ̀ṣe gbọ́dọ̀ lé e jáde pẹ̀lú gbogbo ìbátan rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀: ọ̀rọ̀ iyì ni, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, ìjọba mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí àwa náà máa jẹ́ àlùfáà kí wọ́n lè kà wá mọ́ ẹlẹ́sìn. Èmi kò sí lẹ́yìn èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àlùfáà kò ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ wa. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àti orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ilé kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà ni pé ìdí ọ̀rọ̀ náà wà nínú èdè Lárúbáwá, nínú faqīh, èyí tí í ṣe ẹni tó ní òye òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ẹni tó ń rúbọ, kì í sì í ṣe ẹni tó dúró láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run. Onímọ̀ òfin ni, ẹni tí a ń bi pé kí ni ó tọ́ àti kí ni kò tọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá òkun sí Sípéènì, ó sì di alfaquí. Nígbà tí àwọn ọba Kristẹni gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, alfaquí di orúkọ ọ̀mọ̀wé àti aṣáájú àwọn Mùsùlùmí tó ṣẹ́kù sábẹ́ ìjọba tí kì í ṣe tiwọn. Ní Sùdáànì, faqīh di fakī. Fakī ni olùkọ́ ilé kéú, òun náà ni ó ń kọ ohun ìṣọ́ra fún ènìyàn, tí ó sì ń fi Kùránì tọ́jú aláìsàn. Onímọ̀ òfin ti di oníṣègùn níbẹ̀.

Ó tún gba ọ̀nà aṣálẹ̀ wá sí òkè Odò Ọya, lọ́dọ̀ àwọn Songhay. Àwọn ni wọ́n ń pè é ní alfa. Ní Tìmbúkútù, oyè ọ̀mọ̀wé ni: Alfa Mahmud Kati, ẹni tí a ka ìwé ìtàn tí wọ́n ń pè ní Tarikh al-Fattash sí lọ́rùn, gbé orúkọ náà. Àwọn Zarma, tí èdè wọn jẹ́ ìbátan Songhay, ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní alfaga. Ìró g tó wà nínú alfaga yìí wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ gbà pé faqīh ni ìdí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ojú ẹsẹ̀ q kò tí ì parẹ́ níbẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yà sí Futa Jallon, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Gínì lónìí. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn Fúlàní Mùsùlùmí dá ìjọba sílẹ̀ níbẹ̀. Karamoko Alfa ni aṣáájú wọn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé méjì ló ń pààrọ̀ oyè ọba láàárín ara wọn: ilé Soriya àti ilé Alfaya. Ẹ rí i pé oyè ọ̀mọ̀wé ti di orúkọ ìdílé ọba. Kò tán síbẹ̀. Àwọn olórí agbègbè nínú ìjọba náà ń jẹ́ alfa. Alfa Yaya ti ìlú Labé ni ó lókìkí jù nínú wọn. Àwọn Faransé mú un ní 1905, wọ́n gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Dàhòmì, ó sì kú sí ìgbèkùn kejì ní Moritéńíà ní 1912. Nígbà tí Gínì gba òmìnira ní 1958, orin tí wọ́n fi ń yin ọkùnrin yìí ni wọ́n mú ohùn rẹ̀ ṣe orin orílẹ̀-èdè. Ní ilẹ̀ náà, bí ẹnì kan bá sọ pé alfa, ó lè jẹ́ ọba ni ó ń wí.

Nígbà tó yá, oyè náà di orúkọ tí à ń sọ ọmọ. Alpha Oumar Konaré ṣe ààrẹ Màlì láti 1992 sí 2002. Alpha Condé ṣe ààrẹ Gínì láti 2010 sí 2021. Ẹ má fi wọ́n wé Alfa tó wà nínú “Alfa àti Omega”. Lẹ́tà àwọn Gíríìkì nìyẹn, ìró lásán ló pa wọ́n pọ̀, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Wàyí o, báwo ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọwọ́ Haúsá ni a ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí Haúsá ń pe ọ̀mọ̀wé ẹ̀sìn ni malam, láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó túmọ̀ sí olùkọ́. Àwa náà yá malam, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a fi ṣe: ní ìgboro, màláàmù ni ẹnikẹ́ni tó bá ti òkè Ọya wá, ìbáà máa ta súyà, ìbáà máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ìbáà má mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú Kùránì. Àlùfáà kò gba ọ̀nà yẹn. Stefan Reichmuth, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tó ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí Ìlọrin, kọ̀wé ní 1988 lórí àwọn ọ̀rọ̀ Songhay tó wà nínú Yorùbá. Àlùfáà wà láàárín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tírà náà sì wà níbẹ̀. Tírà yìí pàápàá ní ìtàn: lẹ́nu àwọn Berber ti aṣálẹ̀, ìkọ̀wé ni, lẹ́nu Songhay, ìwé àti ohun ìṣọ́ra, lẹ́nu tiwa, ohun ìṣọ́ra tí a rán sínú awọ, àti ìwé kéú pẹ̀lú. Irú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fi hàn pé ìmàle ti bá wa gbé, tí wọ́n sì ti bá wa ṣòwò, kí Àlímì tó dé Ìlọrin, kí ogun tó dé ilẹ̀ Ìgbómìnà. Àwọn babaláwo kò ní jiyàn èyí, nítorí Òtúá Méjì ti sọ̀rọ̀ ìmàle fún wa tipẹ́.

Bí ó ti dé, ẹnu wa tún un ṣe. Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì lẹ̀ mọ́ ara wọn, nítorí náà a fi fáwẹ̀lì sáàárín l àti f, alfa di àlùfáà. Ohun kan náà tí a ṣe fún àlùbọ́sà, àlùbáríkà àti àlùjọ̀nnú nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ẹnu tún gé e kúrú. Bí a ti ń sọ òrìṣà di òòṣà, tí egúngún di eégún, bẹ́ẹ̀ ni àlùfáà di ààfáà. Ọ̀rọ̀ kan ti di méjì, ojú ọ̀nà sì yà.

Ẹni tó mú kí ojú ọ̀nà náà yà pátápátá ni Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a túmọ̀ Bíbélì. Wọ́n fi Crowther jẹ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní 1843, odidi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Nínú Bíbélì èdè Hébérù, ẹnì kan wà tó ń dúró nídìí pẹpẹ, tó ń pa ẹran ẹbọ, tó ń wọ́n ẹ̀jẹ̀, tí iṣẹ́ náà sì ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ nínú ìdílé kan ṣoṣo. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá? Àwòrò ni. Àbọrẹ̀ ni. Ẹni tó ń pa ẹran nídìí òrìṣà ni. Ṣùgbọ́n àwọn atúmọ̀ kò mú àwòrò. Wọ́n mú àlùfáà, orúkọ onímọ̀ kéú, ẹni tí kì í bọ ohunkóhun nídìí pẹpẹ. Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ kò fara sin: wọn kò fẹ́ kí iṣẹ́ mímọ́ nínú ìwé wọn jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ wa. Ọwọ́ kan náà ni ó mú Èṣù wa tí ó fi jẹ Sátánì. Orúkọ tiwa wúlò fún wọn níbi tí wọ́n ti fẹ́ ohun búburú. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ ohun mímọ́, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti lọ yá a. Síbẹ̀ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gbẹ̀san: nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bọ Báálì, àlùfáà náà ni wọ́n pè wọ́n.

Láti ìgbà náà ni àlùfáà ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí ààfáà sì di ti mọ́ṣáláṣí. Bí a bá sọ pé Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìtàn Yorùbá, kò sí ẹni tí yóò rò pé kéú ni ó ń kọ́ ọmọ.

Apá kan ọ̀rọ̀ náà kò dúró sílé. Ó wọ ọkọ̀ ẹrú lọ sí Bràsíìlì. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ẹrú àti òmìnira, tí Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn, dìde ogun ní ìlú Salvador ní Bahia. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n ní Malê, èyí tí í ṣe ìmàle wa. Alufá ni wọ́n ń pe àwọn olùkọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Pacífico Licutan, ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ tábà. Nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀, ó wà lẹ́wọ̀n nítorí gbèsè tí olówó rẹ̀ jẹ, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbìyànjú láti já a gbà. Lójú ìjọba Bahia lẹ́yìn ọjọ́ náà, alufá túmọ̀ sí olórí ọlọ̀tẹ̀. Nígbà tí akọ̀ròyìn João do Rio tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀sìn ìlú Rio jáde ní 1904, ó pín àwọn aláwọ̀ dúdú tó bá pàdé sí ọ̀nà méjì: àwọn alufá ní apá kan, àwọn orixá ní apá kejì. Orúkọ olùkọ́ ti di orúkọ gbogbo ẹlẹ́sìn náà.

Ẹ jẹ́ kí a kó o jọ. Onímọ̀ òfin lẹ́nu Lárúbáwá. Aṣáájú àwọn tí a ṣẹ́gun ní Sípéènì. Oníṣègùn ní Sùdáànì. Ọ̀mọ̀wé ní Tìmbúkútù. Ọba ní Labé. Orúkọ àbísọ ní Màlì. Olórí ogun ní Bahia. Olùkọ́ kéú àti olùṣọ́ àgùntàn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́nu tiwa. Ta ni ó ṣi ọ̀rọ̀ náà lò nínú wọn? Kò sí. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í di gbogbo ẹrù rẹ̀ wá. Ó dà bí àlejò tó wọ ilé onílé: àga tó bá ṣófo ni ó ń jókòó lé, àga náà ni yóò sì sọ ohun tí yóò máa jẹ́. Ní Futa Jallon, àga ìjòyè ni ó ṣófo dè é. Ní Bahia, àga aṣáájú àwọn tí a fi ṣẹrú ni. Nínú Bíbélì Crowther, àga kan wà tí wọ́n kọ̀ láti fún onílé, wọ́n sì gbé e fún àlejò.

Ìbéèrè mi wá nìyí: àga wo ni ó ṣófo ní ilé ìṣẹ̀ṣe tí a fẹ́ kí àlùfáà jókòó lé?

Kò sí. Gbogbo àga wa ni ó ní oníjòkòó. Nídìí Ifá, Àràbà wà, Àwíṣẹ wà, ojùgbọ̀nà wà, babaláwo àti ìyánífá wà, ọmọ awo sì wà. Nídìí Ṣàngó, mọ́gbà wà, adósù wà, elégùn wà. Nídìí Egúngún, Alágbàáà wà, ọ̀jẹ̀ wà, atọ́kùn wà. Nínú Ògbóni, olúwo wà, apènà wà, erelú wà. Bí ẹ bá dé Òṣogbo nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ẹ óò rí Ìyá Ọ̀ṣun, ẹ óò rí Àwòrò Ọ̀ṣun, ẹ óò sì rí Arugbá, ọmọbìnrin tí kò tí ì mọ ọkùnrin, tó ru igbá lọ sí odò. Bí a bá pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní “àlùfáà Ọ̀ṣun”, kí ni a sọ? Bí ilé kò bá ní àga tó ṣófo, tí àlejò sì jókòó, onílé kan ti dìde dúró nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun mẹ́ta tí à ń pàdánù, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Èkíní ni iṣẹ́. Babaláwo ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ Ifá, ó ń há a sórí, ó ń dá a fún oníbèéèrè. Ẹ̀kọ́ nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di elégùn, òrìṣà ni ó ń gùn ún. Àwòrò ń tọ́jú ojúbọ, ó sì lè jẹ́ pé ìdílé ni ó fi í síbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, dókítà wà, nọ́ọ̀sì wà, ẹni tó ń po oògùn wà. Kò sí ẹni tí yóò pe gbogbo wọn ní dókítà kó sì rò pé òun bu iyì fún nọ́ọ̀sì. Ó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ ni.

Èkejì ni àwọn obìnrin. Lẹ́nu wa, ọkùnrin ni àlùfáà títí a ó fi fi “obìnrin” gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyánífá, ìyálórìṣà, erelú, Ìyá Ọ̀ṣun kò nílò àfikún kankan. Ẹ̀sìn wa kò fi ìgbà kan tọrọ àyè fún obìnrin, nítorí orúkọ oyè náà ti fún un láyè kí a tó bí i. Bí a bá sọ gbogbo wọn di àlùfáà, lọ́la ni ẹnì kan yóò dìde béèrè bóyá ó tọ́ kí obìnrin ṣe àlùfáà. Àríyànjiyàn ilé ẹlòmíràn ni a ó ti fi ọwọ́ ara wa gbé wọlé.

Ẹ̀kẹta ni ìdánwò tó ń bá orúkọ wá. Ẹni tó bá ní òun ni àlùfáà, wọn yóò bi í pé ìwé mímọ́ rẹ̀ dà, ọjọ́ wo ni ìsìn rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ta ni bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìjọ rẹ̀ jẹ́ mélòó. Bí kò bá rí èsì fún wọn, wọn yóò ní àlùfáà tí kò pé ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àwòrò ni òun, ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni pé kí ni àwòrò ń ṣe? Ìgbà náà ni a ó tó rí àyè sọ̀rọ̀. Awuyewuye tó ṣẹlẹ̀ ní Ìlọrin ní 2023 lórí ọdún tí obìnrin olórìṣà kan fẹ́ ṣe kò tí ì kúrò lọ́kàn wa. Ní ìpínlẹ̀ Kwara yìí, níbi tí ọ̀pọ̀ ti rò pé ẹ̀sìn kò ju méjì lọ, agbára wa kan ni kí a lè sọ ẹni tí a jẹ́ ní ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe àwòkọ ti ẹlòmíràn.

Mo gbọ́ èsì àwọn kan: “Àwọn ọ̀dọ́ kò mọ àwòrò mọ́, àlùfáà ni ó yé wọn.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ wọn bí àwa tí a mọ̀ ọ́n kò bá pè é? Ẹ sì wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tó wà káàkiri ìlú wa: Pásítọ̀ ni wọ́n ń jẹ́ báyìí, Bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń jẹ́. Àlùfáà ti ń di aṣọ àná lọ́dọ̀ àwọn pàápàá. Ṣé aṣọ àlòkù ni ó yẹ kí àwòrò wọ̀ jó lọ́jọ́ ọdún?

Mo sì ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lé gbogbo ọ̀rọ̀ Lárúbáwá jáde. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ibo ni ẹ ó dúró sí? Àlàáfíà tí oníbèéèrè ń gbàdúrà fún, Lárúbáwá ni. Àdúrà náà ńkọ́? Lárúbáwá ni. Wákàtí tí ẹ fi ń pe ìpàdé, Lárúbáwá ni. Sùúrù, tí kò sí ìwà pẹ̀lẹ́ láìsí i, láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni. Ṣé a ó wá fi àìnísùúrù lé sùúrù jáde ni? Èdè tó bá ń yá ọ̀rọ̀ kò ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ tó wá bá wa tí ó kún wa lọ́wọ́, ọmọ ilé ni. Èyí tí a ń wí ni ọ̀rọ̀ kan tó wá bo méjìlá mọ́lẹ̀. Èmi kò bá àlùfáà jà. Àwọn ààfáà ni aládùúgbò mi, àwọn àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹbí mi, orúkọ wọn yẹ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí tiwa náà yẹ wá.

Ẹni tó bá rò pé orúkọ kì í sọnù, kó wá sí Ẹ̀síẹ́. Ère òkúta tó ju 1,000 lọ ni ó wà níbẹ̀, èyí tí òkìkí wọn dé etí ìjọba amúnisìn ní 1933, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Ọkùnrin wà, obìnrin wà. Àwọn kan jókòó lórí àpótí, àwọn kan mú àdá lọ́wọ́, àwọn kan mú ohun èlò orin. Irun wọn yàtọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn yàtọ̀. Ó hàn gbangba pé ẹni tó gbẹ́ wọn mọ̀ pé onírúurú ènìyàn ni òun ń gbẹ́, tí ipò wọn yàtọ̀ síra. Lónìí, kò sí ẹni tó lè fi ìdánilójú sọ oyè tí ọ̀kan nínú wọn jẹ. Ìtàn ìlú ní àlejò ni wọ́n, wọ́n sì di òkúta. Ère ni gbogbo wọn ń jẹ́. Òkúta kò fọ́ tán, ìrísí kò parẹ́, orúkọ ni ó kọ́kọ́ lọ. Bí àwa náà bá ń pe gbogbo olóyè ìṣẹ̀ṣe ní àlùfáà fún ìran méjì sí i, àwọn ọmọ ọmọ wa yóò máa rí wọn lójú agbo, wọn kò sì ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ wa: nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé ìkésíni, ẹ kọ oyè ẹni kọ̀ọ̀kan bí ìlú rẹ̀ ti ń pè é, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹ bá pàdé ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó fi ń pe gbogbo wa pọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé òrìṣà wo, iṣẹ́ wo, kí ẹ tó mú kálàmù. Bí ẹ bá sì ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ babaláwo, ẹ kọ àwòrò, kí ayé kọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà, ẹ lọ bá àwọn àgbà ní agboolé yín kí ẹ gba orúkọ àwọn oyè ìdí òrìṣà bí ẹ̀ka èdè tiwa ti ń pè é, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí rédíò bá sì pè yín ní àlùfáà, ẹ fi pẹ̀lẹ́ dáhùn pé: “Ẹ ṣeun, àwòrò ni mí.”

Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì kò ní ilé, wọn kò ní ilẹ̀, ara wọn pàápàá kì í ṣe tiwọn. Síbẹ̀ babalorixá ni babalorixá títí di òní lọ́hùn-ún, ialorixá ni ialorixá, alufá sì ni alufá. Wọn kò da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Àwa tí a wà nílé, tí ojúbọ wà lọ́wọ́ wa, kò yẹ kí tiwa sọnù sí wa lẹ́nu.

Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ kí orúkọ wa parẹ́. Kí ẹnu wa má ṣàìmọ ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.